Nọ́ọ̀sì Florence Kú Tán, Ọkọ̀ Aláìsàn Wá Dé

Nọ́ọ̀sì Florence kú ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nínú yàrá rẹ̀ níbí ní Ṣakí, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọkọ̀ aláìsàn ilé ìwòsàn níbi tó ti ṣiṣẹ́ yọ lójú títì. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ dán, ó ń han gooro. Ó gbé òkú náà láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìrìn tí kò tó igba ìṣísẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Obìnrin tó fi ọdún márùndínlógójì gbẹ̀bí fún wọn, wọ́n rí ọkọ̀ fún un níkẹyìn.

Òun ló gbẹ̀bí èmi alára. Ìyá mi ní n kò tètè ké, Nọ́ọ̀sì Florence sì gbá mi nídìí, ó ní kí n ṣe kíá, àwọn mìíràn ń bẹ lórí ìlà. Mo ké, n kò sì tíì dákẹ́ títí dòní. Bí ọkọ kan bá dákú ní yàrá ìbímọ, á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ńṣì, á ní kí ìyàwó máa fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀.

Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ló daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà sọ fún Ọpẹ́olúwa ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ni ní Ìṣẹ́yìn, àti Ràsáàkì àbúrò Nọ́ọ̀sì, tó ń gbin iṣu ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, pé ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ló lè fi kún un. Àwọn méjèèjì bá takú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà. Ọpẹ́olúwa ní Ìbàdàn ni, àwọn èèyàn ò ní sọ pé òun gbé ìyá òun lọ sílé kó lọ kú. Ràsáàkì ní ọ̀nà yẹn á pa á kí wọ́n tó débẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá kò ṣeé tì, ó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà aláìsàn ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pè wọ́n wọlé.

"Nínú àwa mẹ́ta, ta ló fẹ́ kú?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Èmi ni. Kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè. Ẹ gbé mi lọ sílé. N kò fẹ́ kú sọ́dọ̀ àjèjì."

Ọpẹ́olúwa di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó sunkún, ó sì gbà.

Wọ́n wá ọkọ̀ aláìsàn lọ. Awakọ̀ ní àfi kí ọ̀gá àgbà kọ̀wé sí i, ọ̀gá àgbà sì ti lọ sí ìpàdé àpérò. Àpérò lórí kí ni? Lórí ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ràsáàkì yọjú wo inú ọkọ̀: àga oníke ló kún un dé òrùlé, ẹnì kan fẹ́ sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kejì. Ó bá lọ gbé ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀ wá, ó tẹ́ fóòmù sáàárín iṣu.

"Ràsáàkì," ni Nọ́ọ̀sì Florence wí, "bí mo bá kú lọ́nà, má dà mí pọ̀ mọ́ iṣu o."

Ọpẹ́olúwa rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì lo ọjọ́ mẹ́jọ nílé. Márùn-ún àkọ́kọ́ dùn. Ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà kí ara rẹ̀ má baà bó. Lẹ́yìn náà ni ìrora dé. Ọpẹ́olúwa sáré lọ gba oògùn ìrora ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kó gbé aláìsàn wá. Ó ní kí lòun ó fi gbé e? Wọ́n dá a padà lọ́wọ́ òfo. Ọjọ́ mẹ́ta ni obìnrin náà fi ń payín keke. Mo lọ kí i, kò lè bá mi wí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ń lọ. Ṣé bí a ṣe ń san oore fún agbẹ̀bí nìyí?

Lánàá, lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn náà. Wọ́n ní Arábìnrin Florence kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láìtọwọ́bọ̀wé, kó fi ara rẹ̀ yọjú lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó wá ṣàlàyé. Ọpẹ́olúwa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Èmi ni n ó ṣojú rẹ̀. Kí ẹni tó kó àga sínú ọkọ̀ aláìsàn wá dárúkọ ara rẹ̀. Kí ẹni tó ti oògùn mọ́ ẹni tó ń jẹ̀rora wá wí tẹnu rẹ̀ lójú mi. N kò ní kúrò níbẹ̀ títí wọn ó fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ọ̀sì yóò máa gbé oògùn tọ ẹni tó bá ní ilé lòun fẹ́ kú sí. Bí ọ̀gá àgbà bá sì tún ti lọ sí ìpàdé, n ó dúró dè é. Mò ń mú ẹní mi bọ̀.