Àwo Tí Kò Jẹ́ Kí Bàbá Mi Dúpẹ́

Ìdáhùn kan wà tí gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ fídíò mọ̀ sórí ju àdúrà òwúrọ̀ lọ: "Ẹ̀rọ yín ló ti gbó." Bí oníbàárà bá gbé àwo DVD ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mówe, tó ní ó ń há, n óò ti àwo náà bọ inú kọ̀ǹpútà mi, yóò ṣiṣẹ́ geerege, n óò sì wo oníbàárà náà bíi dókítà tó fẹ́ túfọ̀. Ẹ̀rọ yín ló ti gbó. Ìyá kan láti Ìbàfò gbà mí gbọ́ débi pé wọ́n lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Nígbà tí ìyẹn náà há, mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ọmọ tí màmá mi bí.

Màmá mi ń gbé ní Ifọ̀, nínú ilé tí bàbá mi kọ́. Lọ́jọ́ tí a ṣí ilé náà, èmi ni mo ya fídíò rẹ̀, pẹ̀lú kámẹ́rà tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Lẹ́yìn tí àwọn àáfà ṣàdúrà tán, bàbá mi dìde, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó wọn níwájú gbogbo àlejò. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Bí ọbẹ̀ bá dùn nílé wa, bàbá mi á dákẹ́. Bí kò bá dùn ni a ó gbọ́ ohùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni màmá mi wà ní gbogbo àsìkò náà, wọ́n ń dín ẹran. Ẹnu àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n ti gbọ́ pé ọkọ àwọn yin àwọn. Nígbà tí wọ́n bi bàbá mi léèrè ohun tí wọ́n sọ, bàbá mi ní àwọn kì í ṣe àsọtúnsọ. Wọn ò sì sọ ọ́ mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Ọdún kejì tí bàbá mi kú ni màmá mi pè mí. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́ lọ́wọ́ mi: kí àwọn fi etí ara àwọn gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, etí ló kù tó mú dáadáa. Mo ní n óò fi ránṣẹ́ sórí fóònù.

"Ṣé Dubai ni bàbá yín wà ni, tí màá fi máa gbọ́ wọn lórí fóònù?"

Inú pálọ̀ ni àwọn fẹ́ ti gbọ́ ọ, lórí tẹlifíṣàn, nínú ẹ̀rọ DVD tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn rà. Mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ wákàtí kan ni lójú mi.

Mo gbé e jáde látinú téèpù àtijọ́, mo kọ ọ́ sínú àwo, mo sì ṣe sítíkà sí i: àwòrán bàbá mi nínú agbádá, lórí ìwé dídán. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé e roboto, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àwo. Lọ́dọ̀ tiwa, àwo tí kò bá ní ojú èèyàn lórí, kò sẹ́ni tó ń kà á sí. Kò sí ọ̀nà tó já tààrà láti Mówe sí Ifọ̀, nítorí náà mo gba Berger, mo gba Sango, mo dé ilé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ti àwo bọ inú ẹ̀rọ. Àlejò wọlé, àáfà ṣàdúrà, bàbá mi dìde, wọ́n gbọn agbádá wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyàwó mi yìí..."

Ó há. Bàbá mi yanu sílẹ̀ lórí tẹlifíṣàn, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́.

Màmá mi wò mí. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Ẹ̀rọ yín ló ti gbó, Màámi."

"Ẹ̀rọ tí bàbá rẹ rà?"

Mo yáa ní eruku ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣí i, mo nù ún, ó há. Mo padà sí Mówe, mo ra àwo tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì lẹ sítíkà tó nípọn mọ́ ọn. Ó há. Mo ní kí kọ̀ǹpútà rọra kọ ọ́, kó má kánjú, mo sì fi àwọ̀ wúrà yí àwòrán bàbá mi ká. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò tilẹ̀ dórí ìyàwó. "Ẹ̀yin èèyàn mi" nìkan ni wọ́n rí sọ. Bí sítíkà ṣe ń dára sí i ni bàbá mi ń tètè há sí i, ṣùgbọ́n ojú mi ò là. Mo wá dábàá pé kí n gé ọ̀rọ̀ bàbá mi wá sí ìbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ òun ni a ó kọ́kọ́ gbọ́.

"Kí wọ́n máa dúpẹ́ kí àáfà tó ṣàdúrà?" ni màmá mi wí. "Ṣé kèfèrí ni wọ́n ni?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo kọ àwo kẹrin, mo kọ ìkarùn-ún, méjèèjì há. Inú bí mi, kí n má purọ́, ìtìjú ló sì pọ̀ jù nínú ìbínú náà. Ẹni tó kọ ọ́ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé iṣẹ́ òun ò lẹ́gbẹ́, ìyá tó bí i kò rí àwo kan ṣoṣo wò já lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo gbé àwo kẹfà dé. Bí mo ṣe gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo rí àwo karùn-ún nínú agbọ̀n tí wọ́n ń da abọ́ sí, láàárín abọ́ ọbẹ̀ méjì, ó ń gbẹ. Kò sí ojú bàbá mi lórí rẹ̀ mọ́.

Màmá mi ò fẹ́ kí ojú wa pàdé. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo sọ pé ẹ̀rọ dọ̀tí. Bí ẹ̀rọ bá dọ̀tí, ohun tó ń wọ inú rẹ̀ náà á dọ̀tí. Wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ pẹ̀lú àwọn abọ́, ni sítíkà bá ṣí kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ti sá àwòrán bàbá mi gbẹ, wọ́n sì ti fi í sínú Kùránì wọn.

"Má bínú sí mi," ni wọ́n wí.

Ó dùn mí pé ìyá mi ń bẹ̀ mí, síbẹ̀ mo bínú. Mo ní wọ́n kì í fi omi ọṣẹ fọ irú nǹkan báyìí, pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí n lè fi hàn wọ́n pé ó ti bàjẹ́ ni mo ṣe tì í bọ inú ẹ̀rọ.

Àlejò wọlé. Àáfà ṣàdúrà. Bàbá mi dìde, wọ́n gbọn agbádá wọn. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyàwó mi yìí, bí ẹ bá rí ilé yìí, òun ló kọ́ ọ. Èmi kàn bá a gbé búlọ́ọ̀kù ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Wọ́n sì jókòó.

Màmá mi kọjú sí tẹlifíṣàn. "Ẹ ò sì lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé," ni wọ́n wí. "Nígbà tí ẹ wá dé ọ̀hún, ẹ ní iyọ̀ ẹran ti pọ̀ jù."

Wọ́n ní kí n tún un gbé sí i. Mo tún un gbé sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n fi ìborùn nu ojú wọn, tí wọ́n wá bi mí pé kí ló ti ń ṣe àwo yìí látọjọ́ yìí.

Ìdáhùn mi ti wà lẹ́nu. Mo wo àwo kẹfà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú wúrà tó yí i ká, mo sì rántí ìyá Ìbàfò àti ẹ̀rọ wọn méjèèjì.

"Èmi ni, Màámi. Ìwé tí mo ń lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ó ń wúwo sápá kan. Bí àwo bá ti yí dé ìparí, níbi tí ọ̀rọ̀ bàbá wà, á máa mì, ẹ̀rọ ò ní rí i kà mọ́. Ojú wọn tí mo lẹ̀ sókè ni kò jẹ́ kí ohùn wọn jáde."

Kò ya màmá mi lẹ́nu rárá.

"Bí wọ́n ṣe wà láyé náà nìyẹn," ni wọ́n wí.