Agbada Tí Ìyàwó Fi Yanrìn Ha

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, ẹja díndín ni ìyá mi ń tà ní ìkóríta Orè, níbi tí àwọn awakọ̀ Èkó àti ti Bìní ti máa ń dúró jẹun. Bàbá wa ń dá oko kòkó lọ́nà Omifúnfun, ṣùgbọ́n oko olóko ni. Ẹja yẹn gan-an ló ń gbé wa ró.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, páànù tó bá ṣáà ti wù yín lẹ ń mú. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán kún ọjà, àwọn obìnrin ń dù ú. Ìyá mi ò bá wọn dù ú. Á gbé agbada sókè kó mọ bó ṣe wúwo tó, á tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wò ó bóyá ó ń mì. Irin dúdú tó nípọn ló mú. Ó fi epo pupa bọ́ ọ lórí iná fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹja tó débẹ̀, kò sì jẹ́ kí ọṣẹ kàn án mọ́ láé. Àkísà ló fi ń nù ún. Ẹja kì í lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n mi wá gbé ìyàwó, ọmọ Ìkálẹ̀ láti Òdìgbó. Ẹ ṣáà mọ ìyàwó tuntun. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti gbálẹ̀, ó ti pọnmi, ó ti ń fọ ìkòkò ìyá ọkọ kí wọ́n má baà pè é lọ́lẹ. Ó rí agbada dúdú, ó fi yanrìn àti eérú ha á títí tó fi funfun, ó wá gbé e sẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo ilé lè rí i.

Ìyá mi rí i, ó jókòó sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹja lẹ̀ mọ́ agbada, awọ bó, ẹran fọ́. Awakọ̀ kan ní, "Ìyá, ẹja yín ti di èérún o," ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin figbe ta. "Ta ló kọ́ eléyìí nílé? Ẹ dá a padà fáwọn èèyàn rẹ̀!" Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Èmi sì ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ẹ má bínú, ìyá ọkọ mi. Èmi ni mo ní kó ha á."

Gbogbo wa la mọ̀ pé irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó jà á níyàn. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé epo fún ìyàwó, ó ní kó bọ́ agbada padà. A jẹ ẹ̀bà láìlẹ́ja títí agbada fi dúdú padà, tí ẹja kò lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Ìyàwó yẹn náà ló tọ́jú ìyá mi títí ó fi kú.

Páànù tiyín, oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ara rẹ̀ bá bó, ẹ ó sọ ọ́ nù. Mi ò bínú, ó kàn ti rẹ̀ mí ni. Láìpẹ́ yìí, ìyàwó ọmọ-ọmọ mi jó ìrẹsì níbi ìsọmọlórúkọ. Ọ̀rọ̀ di ariwo, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ. Orí fóònù ni mo ti gbọ́. Mo bi àwọn ará ilé pé, nínú gbogbo yín, ẹnì kan ò lè ní òun lòun gbàgbé ìkòkò lórí iná?

Wọ́n ní, "Màmá, irọ́ nìyẹn kẹ̀."