Ẹni Tó Rí I Níbi Eré Orin

Ọ̀sán Sátidé ni Ìyá Alágbàfọ̀ máa ń lọ ẹ̀wù àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ Olúwa ni, kì í gbowó rẹ̀. Ó ti ń ṣe é fún ogójì ọdún gbáko, kọ́là ọrùn ẹ̀wù á dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò wọ ọ̀kankan mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e kúrò láàárín wọn.

Orin ló fà á. Nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó bá àwọn olórin ayé kan tó ń kọ orin sóòlù gberin ní gbàgede ńlá kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, olórí akọrin dá a dúró níwájú ìjọ.

"Ẹnì kan tó mọ̀ ọ́ dáadáa ló rí ọ níbẹ̀."

Kò sọ ẹni náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan sì ló mọ̀ pé ó lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n di ọ̀tá. Kò kí i mọ́ títí tí ìyẹn fi kú. Olórí akọrin ọjọ́sí ti di Baba Alàgbà báyìí, ẹ̀wù tirẹ̀ ló sì máa ń lọ̀ kẹ́yìn.

Ẹ̀wù náà ló wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù nígbà tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin gbé fíìmù eré ọjọ́ náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sí tẹlifíṣàn.

"Màmá, ẹ wo ara yín lẹ́yìn olórin! Háà, irun yín fẹ́ẹ̀ bo onílù mọ́lẹ̀!"

Ìyá ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni kámẹ́rà yí sọ́dọ̀ àwọn èrò. Ọkùnrin kan wà níwájú pátápátá, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń fì í lórí, òógùn bò ó. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán sí méjì. Eyín yẹn ni Baba Alàgbà ṣì fi ń ka Bíbélì fún wọn dòní.

"Màmá! Ẹ̀wù ń jó!"

Ojú áyọ́ọ̀nù ti hàn gàdàgbà ní àyà ẹ̀wù. Ìyá kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Láìpẹ́, Baba Alàgbà kanlẹ̀kùn. "Alágbàfọ̀ Olúwa! Ẹ̀wù mi ńkọ́?"

"Ẹ jókòó, sà." Ó dá fíìmù padà sẹ́yìn.

Baba wò ó tán. "Mo... àgùntàn tó ṣìnà ni mo wá lọ síbẹ̀."

"Ẹ wá a wá a, ẹ bọ́ṣọ?"

Ọmọ sá wọ kíṣíìnì lọ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ rí mi. Ẹ jẹ́ kí n di ọmọ ìyá mi sínú títí tó fi wọ sàréè!"

"Arábìnrin, ẹ dárí jì mí. Ọlọ́run ti gbàgbé ẹ̀."

"Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ni? Torí èmi, mo ti ń bi í láti ogójì ọdún, kò dá mi lóhùn rí."

Irú ọ̀rọ̀ yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà á. Síbẹ̀, kò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

Baba gbé ẹ̀wù, ó rí ibi tó jó. "Kí ni màá wá wọ̀ lọ́la?"

"Òun náà lẹ máa wọ̀. Bí wọ́n bá bi yín ohun tó jó o, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi eré orin. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, èmi á dìde sọ ọ́."

Nígbà tó lọ tán, Ìyá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà. Àdúrà kọ̀, kò wá. Ègbè orin ọjọ́ náà ló jáde. Ó kọ ọ́ kíkankíkan, ó gbójú sókè, bí ẹni tó ń lu ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ bóyá èèyàn wà nílé, ṣùgbọ́n tí kò ní kúrò níbẹ̀.