Ohùn Mi Nínú Ṣọ́ọ̀bù Tí A Tì Pa

Fíríìjì ni ọ̀gá mi ń tún ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ ń gbòòrò, a kó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ní Rumuodara lọ sí èyí tó tóbi ní Rumuomasi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni, ẹ̀rù ohun gbogbo ló sì ń bà mí: ẹ̀rù pé mo lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀rù pé wọ́n lè lé mi. Èmi ni mo ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà.

Nọ́ńbà Rumuodara ló wà lórí gbogbo rìsíìtì àtijọ́. Nítorí náà, a fi tẹlifóònù náà sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ pé: "Ẹ kú ilé o. A ti kó lọ sí Rumuomasi. Ẹ sọ àdírẹ́sì yín. A ń bọ̀ lọ́la." Èmi ni mo fi "lọ́la" yẹn kún un. Mo rò pé á tu èèyàn nínú. Èmi náà ló yẹ kí n máa lọ gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà èrò pọ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni n ó lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá ní kí n lọ mú àkàbà tí a gbàgbé síbẹ̀. Mi ò tíì ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn tí mo fi gbọ́ obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohùn mi ni. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló pè tí ẹ̀rọ ń dá a lóhùn, síbẹ̀ orí mi wú. Ara ohùn náà balẹ̀, kò jọ èmi tí ẹ̀rù ń bà níta rárá. "A ń bọ̀ lọ́la," ó wí. Ohùn màmá àgbàlagbà kan sì dá a lóhùn:

"Ọmọ mi, o tún ní lọ́la. Fíríìjì tí ẹ tún ṣe yẹn ò tutù mọ́ o. Oògùn àtọ̀gbẹ tí mò ń gún lábẹ́rẹ́ ti ń gbóná, ẹsẹ̀ mi ò sì jẹ́ kí n lè wá. Mo ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ dè ọ́."

Kí n tó wọlé, ó ti gé e. Mo gbọ́ àwọn tó kù. Ó ti pè lẹ́ẹ̀marùn-ún ṣáájú. Nínú èyí àkọ́kọ́ ó sọ àdírẹ́sì rẹ̀ ní Eliozu. Nínú ìkẹta ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Nínú ìkarùn-ún kò sọ nǹkan kan. Mímí rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

Mo fi ọ̀kadà sáré lọ bá ọ̀gá, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"You dey craze?" ó wí. "Customer no be goat wey you tie for backyard!"

Ó gbé fíríìjì kékeré kan sẹ́yìn ọkọ̀, a sì lọ. Eré burúkú ló ń fi ọkọ̀ sá lójú ọ̀nà. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí lóòótọ́. Màmá jókòó kọjú sí i, tẹlifóònù lórí itan, ó pa ojú dé.

"Ẹ kú ilé, mà," ni ọ̀gá wí. Kò mira.

Mo sún mọ́ ọn. "Ẹ kú ilé o," ni mo wí.

Ojú rẹ̀ là. "Ohùn yẹn nìyí. Ṣé lọ́la ti dé ni?" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ mi padà fún mi, títí kan bí mo ṣe mí díẹ̀ kí n tó pe "lọ́la".

Ó ti ki oògùn náà sínú ìkòkò omi kó lè tutù. Ọ̀gá ní kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ṣì dára. Ó rán mi lọ ra tuntun, ó sì ní tí mo bá ti padà dé, mi ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ àfi tí fíríìjì kékeré tí a gbé wá bá tutù. Mo jókòó, mò ń fọwọ́ kan inú rẹ̀ ṣáá. Màmá kò béèrè orúkọ mi. "Ohùn" ló ń pè mí.

Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Ohùn, ìgbà wo lo tún ń bọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

"Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀, mà."

Mo gba Rumuodara kọjá, mo pa ohùn mi rẹ́ nínú ẹ̀rọ. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, aago mẹ́sàn-án ni mo dé Eliozu. Ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí.