Atẹ́gùn Òkè Ọ̀kà Ló Pa Mí Lẹ́kún

Láti ọjọ́ kìíní tí mo ti ń gun ọ̀kadà láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ni ojú mi ti ń dójú tì mí. Tí ọyẹ́ bá ti dé, gbàrà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè Ọ̀kà, atẹ́gùn tútù á kọjú sí mi, omi á sì máa dà lójú mi bí ẹni tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀ láàárín ọjà. Èrò tó jókòó sẹ́yìn mi ò ní mọ nǹkan kan. Ara mi gbòòrò: èmi ni ògiri, òun ló wà nínú yàrá. N kò tíì rí èrò kan tí atẹ́gùn pa lẹ́kún lẹ́yìn mi. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń sùn.

Ọ̀gá Tìámíyù, tó kọ́ mi níṣẹ́ ní gáréèjì Ìkàrẹ́, sọ̀rọ̀ títí ó fi sú u.

"Ra awò ojú, Délé. Ojú tí atẹ́gùn bá fẹ́ gbẹ náà ló ń pọn omi fún ara ẹ̀. Má sì fọwọ́ ra á mọ́, eruku lò ń ra mọ́ ọn."

"Ọ̀gá, awò yẹn á jẹ́ kí n dà bíi wẹ́dà tó ń jó irin."

"Wẹ́dà ń ríran. Ìwọ ńkọ́?"

Mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó rẹwà tó mi kì í fi ike bojú.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo gbé oníbàárà mi kan, Ìyá Búrẹ́dì, lọ síbi òkú bàbá arúgbó kan tó ṣe tísà, ní Ọ̀kà. Ọyẹ́ ọjọ́ náà ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Nígbà tá a fi máa dé, ojú mi ti pọ́n, imú mi ti wú. Ìyá Búrẹ́dì gba ilé ìdáná lọ. Ó yẹ kí n yí padà, àmọ́ mo rí ìkòkò ìrẹsì lórí iná. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dé ilé òkú kì í febi lọ, ṣùgbọ́n ìtìjú ò ní jẹ́ kéèyàn jẹun kó má kí opó. Mo bá wọlé, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà. Ẹ̀yìn bàbá á dáa."

Omi ń kán lójú mi sórí kápẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ilé kọjú sí mi. Òkú àgbà ni, àwọn ọmọ ẹ̀ ń ya fọ́tò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ló ń sunkún.

Màmá tí ọkọ ẹ̀ kú wò mí títí. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Àjọwá, mà."

Màmá di àyà mú. "Ọkọ mi ṣe tísà ní Àjọwá rí! Ó ní òun ò mọ obìnrin kankan níbẹ̀!"

"Màmá, atẹ́gùn ni."

"Ẹ wo imú ẹ̀," àbúrò olóògbé kan sọ. "Imú bùrọ̀dá mi gan-an nìyẹn."

"Ẹ má tíì gbé òkú yẹn," ni Màmá wí. "Kò ní jáde nínú ilé yìí títí màá fi mọ òtítọ́."

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Nítorí àwo ìrẹsì kan, mo fẹ́ jẹ́ kí ìyá arúgbó fi ìbínú sin ọkọ tí wọ́n jọ gbó. Ìyá Búrẹ́dì sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́: "Ọlọ́kadà mi ni! Bó ṣe máa ń sunkún nìyẹn!" Ẹlẹ́rìí tó fẹ́ kí n gbé òun padà sílé, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Fẹ́mi, àkọ́bí wọn tó ti Àbújá wá, ló dá sí i. Látìgbà tá a ti dé ló ti ń pàṣẹ nípa àga àti àtíbàbà. Ojú ẹ̀ gbẹ bí àpáta.

"Kò le," ó ní. "Nujú ẹ. Gbé mi dé ìsàlẹ̀ òkè, ká padà gòkè. Tí omi bá tún dà, atẹ́gùn ni."

A sọ̀ kalẹ̀, a yí padà. Nígbà tá a dé ibi tí òkè náà ti ga jù, tí mo já jíà sílẹ̀, Fẹ́mi di èjìká mi mú.

"Ibí yìí ni bàbá mi ti máa ń bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́," ó ní. "Èmi á jókòó sórí ẹ̀, òun á máa tì mí lọ sílé ìwé."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí lẹ́yìn mi.

Nígbà tá a dé, omi ń dà lójú mi bí ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Ti Fẹ́mi ju tèmi lọ. Màmá wo èmi, ó wo ọmọ ẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Atẹ́gùn ni lóòótọ́! Fẹ́mi tí kì í sunkún! Ẹ gbé bàbá yín, ẹ jẹ́ ká lọ sin ín."

Wọ́n bu ìrẹsì fún mi, ẹran méjì sì wà lórí ẹ̀. Fẹ́mi dúró tì mí.

"Atẹ́gùn yẹn mà le o," mo sọ fún un.

"Ó le gan-an," ó ní, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nujú.

Lọ́jọ́ kejì, mo ra awò ojú. Mo dà bíi wẹ́dà lóòótọ́, àmọ́ omi dá. Ọ̀gá Tìámíyù rí mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Kí ló yí ọ lọ́kàn padà?"

Mo ní ẹbí kan ní Ọ̀kà ló fẹ́ fi mí ṣe ọmọ. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, àfi ti ojú Fẹ́mi. Ọlọ́kadà ni ọ̀gá mi. Ó mọ̀ pé atẹ́gùn kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn.