Ìjókòó Àárín Lórí Alùpùpù Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọ̀nà Ìlá sí Òkè-Ìlá ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa, orí alùpùpù bàbá mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Iṣẹ́ gidi ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, àárín ni mo sì ń jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bàbá mi ta kòkó lọ́dún kan, ó fi owó rẹ̀ ra alùpùpù, ó ní òun á máa fi gbé èrò. Àwọn ọkùnrin ń gùn ún, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà, àwọn obìnrin ló ń rìn jù, wọn ò sì jẹ́ sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn gbọ́dọ̀ di ẹni iwájú mú níbàdí. Láyé ìgbà yẹn, ìyàwó ilé wo ló máa di ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ mú níbàdí, tí gbogbo ọjà á máa wò ó? Ìyàwó kan ṣoṣo tó dán an wò, ọkọ rẹ̀ wá bá bàbá mi nílé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìyàwó mi mọ́. Àwọn ará ilé wa ti ń sọ̀rọ̀."

Bàbá mi pè mí jáde. Ó ní, "Ọmọ mi yìí á wà láàárín wa. Òun ni ìyàwó yín á dì mú, òun á sì di èmi mú. Ṣé ìyẹn náà lẹ́jọ́ nínú?" Ọkùnrin náà wò mí látòkè délẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn.

Háà, ẹ̀yin ọmọ mi, mo jayé! Màá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀yìn bàbá mi, aṣọ rẹ̀ á máa rùn fún bẹntiróòlù àti òógùn. Lẹ́yìn mi, obìnrin kan á jókòó ní ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì lápá kan nítorí ìró, á gbá mi mọ́ra. Tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, á pariwo, "Yéè, Ọlọ́hun gbà mí!" Bàbá mi á ní, "Ẹ rọra o, ẹ má fún ọmọ mi pa!" Ẹlòmíì á fi ọ̀ọ̀lẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ẹlòmíì á máa fẹjọ́ orogún rẹ̀ sùn mí létí, èmi ọmọ kékeré.

Ìyá mi ni kò fara mọ́ ọn. "Ṣé àárín alùpùpù lọmọ yìí máa dàgbà sí ni? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nílé ìwé." Bàbá mi á ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún méjì kọjá bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, a gbé tíṣà obìnrin kan lọ sí Ọ̀rà. Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó kan lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ó ní, "Bàbá, ẹ kà á fún un." Bàbá mi kọjú sọ́nà, ó tẹná mọ́ alùpùpù. Òun náà ò mọ̀wé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó jí mi. Mo rò pé iṣẹ́ ni, mo sáré gun alùpùpù. Ẹnu ọ̀nà iléèwé ló gbé mi lọ. Mo sunkún, mo dì mọ́ ọn. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú ọwọ́ mi kúrò níbàdí rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan.

Bí àwọn obìnrin ṣe ṣíwọ́ gígun alùpùpù bàbá mi nìyẹn. Àwọn kan ní kó wá ọmọ ẹlòmíì sí àárín. Ó ní ọmọ ẹlòmíì náà yẹ kó wà níléèwé. Kí n tó jáde ìwé mẹ́fà, ó ti ta alùpùpù, ó padà sóko kòkó. Èmi di tíṣà.

Lónìí, alùpùpù kún gbogbo oríta Ìlá. Ẹ ó pe àwọn ọlọ́kadà lórí fóònù, wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá yín nílé. Obìnrin ń wọ ṣòkòtò gùn ún, kò sí ẹni tó ń bi í pé ta ló dì mú. Ó dára bẹ́ẹ̀, mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́kadà bá ní, "Ìyá, ẹ dì mí mú dáadáa," àárò bàbá mi máa ń sọ mí, omi á sì bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú ni ìyá mi tó sọ fún mi pé bàbá mi ti mọ̀ dájú pé iṣẹ́ yẹn máa kú, kó tó gbé mi lọ síléèwé. Ká ní ó bi mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, àárín ni ǹ bá ní kó fi mí sí. Kò bi mí.