Ìgò Oògùn Túúlu Tó Ti Lọ́ńdọ̀nù Wá

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Iléṣà, ọjọ́ tí túúlu bá dé sí ìyá mi, a kì í gúnyán nílé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ mọ ilé Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìró odó á máa dún káàkiri àdúgbò, àwa á mu gààrí. Aránṣọ ni ìyá mi. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lórí wọn ló máa ń fọ́ wọn, bí ẹni pé nǹkan kan fẹ́ gba ibẹ̀ jáde. Wọn ò ní lè wo ìmọ́lẹ̀, wọn ò ní lè gbọ́ ariwo, wọ́n á sì máa bì. Bàbá mi á fi aṣọ bo fèrèsé. Bí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ń ta sùwé lẹ́yìnkùlé, tí mo rẹ́rìn-ín sókè lẹ́ẹ̀kan péré, ìkúnlẹ̀ ló kàn, ọwọ́ méjèèjì á wà lókè.

Kò sí ohun tí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ò ṣe tán. Wọ́n gún ewé rinrin, wọ́n fún omi rẹ̀ sí ìyá mi lórí. Wọ́n se efinrin, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ìyá mi mọ́ ooru rẹ̀. Ó máa ń dẹwọ́ díẹ̀, á sì tún padà.

Mo wà ní pírámárì kẹrin nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìgò kékeré kan ránṣẹ́. Ewé gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ sínú kápúsù ló wà nínú rẹ̀. Fífáfíù ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà tó bá a wá sọ pé òdòdó rẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ dà bíi pupa ẹyin, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń jẹ ewé náà nítorí ibà àti orí fífọ́. Kì í ṣe oògùn à-lò-sàn lójú ẹsẹ̀ o. Ojoojúmọ́ ni, lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì lè tó oṣù kan tàbí méjì kó tó hàn.

Ìyá mi ò kàwé púpọ̀. Èmi tí wọ́n fi ń yangàn pé mo gbọ́ òyìnbó ni wọ́n pè.

"Fúnmi, wá ka ara ìgò yìí fún mi."

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí nídìí sùwé. Mo ka orúkọ oògùn náà. Mo ka pé ẹyọ kan ni láàárọ̀. Ìwé wínníwínní kan ṣì wà nísàlẹ̀.

"Èyí tó kù ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni, mà." Mo sì sá jáde.

Oògùn náà ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, túúlu tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún látàárọ̀, a sì ń gúnyán. Èmi ni mo máa ń gbé kápúsù náà àti omi fún wọn kí n tó lọ sílé-ìwé.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi lóyún. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, oyún mìíràn ò tíì dúró. Ìyá Àgbà ń kọrin kiri ilé. Kò sẹ́ni tó ronú pé ká dá oògùn dúró. Ewé ṣáà ni.

Ọ̀sán Sátidé kan, nínú oṣù kẹrin oyún náà, mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí àga tí ìyá mi fi ń ránṣọ. Bàbá mi sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù. Oyún náà ti bàjẹ́ kó tó di àṣálẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Ìyá Àgbà gbé ẹ̀kọ lọ fún wọn. Nọ́ọ̀sì bèèrè ohun tí wọ́n ti ń lò, bàbá mi sì mú ìgò náà jáde. Nọ́ọ̀sì yí i padà, ó kà á dé ìsàlẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé kí aláboyún má lò ó. Ta ló ka èyí fún yín, mà?"

Abọ́ ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ mi. Ìyá mi wò mí títí.

"Kò sẹ́ni tó kà á fún mi," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo kàn ń lò ó."

Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn náà ló fà á, pé oyún máa ń bàjẹ́ láìsí ìdí téèyàn lè rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni bàbá mi dì mú. Èmi ò rí i dì mú. Ìyá mi jáwọ́ nínú oògùn náà lọ́jọ́ yẹn, kó sì tó pé ọ̀sẹ̀ kan, túúlu ti padà, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọn ò bá mi wí. Mo gbàdúrà pé kí wọ́n nà mí, wọn ò nà mí.

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó jẹ́wọ́. Ìyá mi ò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo rí i pé ìwé náà gùn ju ohun tí o kà lọ. Mo kàn ní kí n jẹ́ kí o lọ ṣeré ni."

Òṣogbo ni mò ń gbé báyìí. Bí mo bá gba Old Garage kọjá, oríṣiríṣi ewé ni mo ń rí tí wọ́n ń tà nínú ìgò, wọ́n sì kọ̀wé sí gbogbo rẹ̀ lára. Láyé ìgbà yẹn, Ìyá Àgbà kì í fún obìnrin lágbo láìkọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé kò sí nǹkan nínú rẹ?" Ìgò tó ti òkè òkun wá ni wọn ò bèèrè nǹkan kan lé lórí. Lónìí, ẹni tó ń tà á kì í bèèrè, ẹni tó ń rà á kì í kà á, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la sì mọ̀wé. Nígbà yẹn, a kì í sọ̀rọ̀ oyún tó bàjẹ́. Wọ́n á ní kí obìnrin mọ́kàn kúrò níbẹ̀, ó parí. Lónìí, àwọn obìnrin ń sọ ọ́ síta, wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá mi máa ń dìde, wọ́n á lọ dúró síta. Wọn ò bímọ mìíràn lẹ́yìn mi.